Àwo Tó Ń Gbààwẹ̀

Nancy, ilẹ̀ Faransé
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kìn-ín-ní, 2024

Bàbá mi, Búrẹ́mọ̀ ayígi,

Àsàláàmù àlékúmù. Mo dọ̀bálẹ̀ láti òkèèrè. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú eruku, ẹ kú ariwo ẹ̀rọ. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí àbúrò mi Jàmíátù, tí yóò fi ìwé yìí hàn yín lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ká máa kọ̀wé dípò ká máa pe ara wa, ẹ ní etí tí ẹ̀rọ ti fi ogójì ọdún pariwo sí kò gba fóònù mọ́. Mo gbà. Nígbà tí mo pè yín ní Iléyá, gbogbo àdúgbò yín ní Gbégamey ló gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ.

Bàbá, ẹnu mi ti kó mi sí wàhálà. Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa níbẹ̀, Màdáàmù Clotilde, kó gbogbo àwa òṣìṣẹ́ lọ síbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ àti ohun ẹlẹ́wà sí. Nínú gíláàsì kan, àwo igi kan wà níbẹ̀, àwo tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí, bí irú èyí tí ẹ máa ń yí nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n tan iná sí i lórí. Wọ́n fi olùṣọ́ tì í. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó wà níwájú lèmámù.

Èmi ọmọ yín la ẹnu, mo ní, "Bàbá mi máa ń ṣe irú eléyìí kó tó jẹun àárọ̀." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ǹ bá dákẹ́ níbẹ̀. N ò dákẹ́. Mo ní àwọn mínísítà máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà yín. Bàbá, mo mọ̀ pé ẹni kan ṣoṣo tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà yín ni ìyá tó ń din àkàrà, tó máa ń wá kó èérún igi lọ dáná. Mo mọ̀ pé ọmọ odó àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì lẹ ń yí báyìí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní oṣù karùn-ún, Màdáàmù fẹ́ ṣe àfihàn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹbí òṣìṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn wa. Ó ti kọ orúkọ yín sórí ìwé, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: "Búrẹ́mọ̀, ọ̀gá ayígi láti Cotonou." Orúkọ yín wà lára ògiri ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí kò sí lára ògiri ṣọ́ọ̀bù yín.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi ṣe àwo igi kan. Kì í ṣe èyí tí wọ́n máa jẹun nínú rẹ̀ o. Wọ́n kàn máa gbé e kalẹ̀ wò ni. Mo mọ ohun tí mo sọ nípa iṣẹ́ yín lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Ọmọ yín tí ẹnu rẹ̀ gùn ju apá rẹ̀ lọ,
Àbídéènì


Gbégamey, Cotonou
Ọjọ́ kejì, oṣù kejì, 2024

Àbídéènì,

Wà àlékúmù sàlámù. Ìwé rẹ dé. Jàmíátù gbé fóònù síwájú mi, ó ń fi ìka fẹ ọ̀rọ̀ náà kó lè tóbi, mo sì ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó dé ìparí, mo ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀. A wà ní àlàáfíà. Orúnkún mi wà níbi tó wà. Ó máa ń sọ fún mi tí òjò bá ń bọ̀, ó sì máa ń sọ fún mi tí kò bá bọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwo tí o sọ, mo rò ó títí, kò yé mi. Àwo tí ẹnikẹ́ni kò ní jẹun nínú rẹ̀. Ṣé àwo náà ń gbààwẹ̀ ni? Rámádánì ni èmi mọ̀, tí oòrùn bá wọ̀, a óò ṣínu, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwo tìrẹ kò ní àkókò ìṣínu. Kí ló ṣe fún yín?

Ìwọ ní ká má sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Èmi máa sọ ọ́, nítorí ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé e mì. A wà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Cadjèhoun. Mo fẹ́ fọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn. O sún sẹ́yìn, o ń gbọn èérún igi kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì tuntun rẹ, o ní, "Bàbá, ẹ wo eruku yín. Èmi ò ní fi ayé mi yí igi bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, torí kí n má baà sunkún níwájú àwọn ọlọ́pàá. Nígbà tí mo délé, mo wo ẹ̀rọ mi bó ṣe ń yí, mo ní ọmọ yìí kò tilẹ̀ parọ́. Ṣùgbọ́n ajá náà ló bọ́ ẹ, òun ló ra ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Kò lè ṣeé ṣe, Àbídéènì. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti yí àwo gbẹ̀yìn. Àwo ike ti lé àwo igi kúrò lọ́jà, ọmọ odó nìkan ló ṣẹ́kù fún wa, torí pé ike kò tíì lè gún iyán. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé mo ti lọ sí Mẹ́kà. Èmi náà yóò kúkú ti ẹnu rẹ dé Mẹ́kà.

Bàbá rẹ,
Búrẹ́mọ̀

Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹnu àwo náà fẹ̀ tó? Mo kàn ń béèrè ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Jàmíátù ni mo kọ ìsàlẹ̀ yìí kí n tó ya fọ́tò rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ka ìwé yín ló ti ń fi ìka wọn etí gbogbo àwo ilé. Lánàá, ó wọn abọ́ tí mo fi ń jẹun lọ́wọ́, oúnjẹ ṣì wà nínú rẹ̀.


Nancy
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí orúnkún, mo kí ajá tó bọ́ mi.

Mo ka ọ̀rọ̀ Cadjèhoun náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo tọrọ àforíjì. Ó yẹ kí n ti tọrọ rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ojú tì mí, nígbà tó di ọdún karùn-ún, ìtìjú náà ti dàgbà jù mí lọ. Ẹni tó ń lé ìrù ara rẹ̀ ni èmi. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mo ń wẹ bàbá oníbàbá fún un, mo ń bọ́ ọ lóúnjẹ, mo ń béèrè bí orúnkún rẹ̀ ṣe rí. Orúnkún bàbá tèmi, inú ìwé ni mo ti ń kà nípa rẹ̀.

Kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì tí wọ́n tò pọ̀. Kí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àfihàn náà bọ́ sí ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún. Ọ̀rẹ́ mi Casimir, ẹni tó sìn mí dé Cadjèhoun lọ́jọ́ náà, tí òun náà ti di ará ibí báyìí, wà nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Fidjrossè. Ó ń padà bọ̀ lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹrin. Bí ẹ bá lè fún un kó tó gbéra, ẹ óò ti bo àṣírí mi. Ní ti Mẹ́kà, ó ti pẹ́ jù. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àbídéènì


Gbégamey
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹta, 2024

Àbídéènì ọmọ mi,

Àlàáfíà kó bá ọ. Ààwẹ̀ ń lọ dáadáa, òùngbẹ nìkan ló ń dá wa lágara.

Àwo rẹ ti parí. Tí o bá gbà á lọ́wọ́ Casimir, kí o tó wo ohunkóhun, fi imú sí i. Igi máńgòrò ìyá rẹ ní Ekpè ni. Ìwọ ló jábọ́ láti orí rẹ̀ tí apá rẹ fi dá, tí Ràfíátù ìyá rẹ fi fẹ́ gé e lọ́jọ́ náà, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín lọ́jọ́ kejì. Ìjì wó o ní oṣù kẹjọ tó kọjá, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí a ti sin ìyá rẹ. Kí n tó dé ibẹ̀, àwọn ará àdúgbò ti là á fún igi ìdáná. Ìtì kan péré ni mo rí gbà. Mo gbé e sẹ́yìn alùpùpù zẹ́míjàn, mo dì mọ́ ọn láti Ekpè dé Gbégamey bí ẹni tó gbé ìyàwó.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ṣe é, iṣẹ́ tí mo máa ń fi ìdajì ọjọ́ ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìtì náà já kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó lọ gbá páànù òrùlé, ó sì balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ aládùúgbò. Gbogbo ilé sáré jáde. Mo ní ẹ má bẹ̀rù, ọ̀gá ayígi tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ní Faransé ló ń ṣiṣẹ́. Ewúrẹ́ náà kò tíì padà sí agbègbè wa. Lọ́jọ́ kẹfà, nígbà tí mo fi ìwé oníyanrìn fá a tán, mo gbé e sókè wò, Jàmíátù náà wò ó. Ó dára, Àbídéènì. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì lè ṣe ohun tó dára. Èmi àti àwo náà jọ ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni òùngbẹ ń gbẹ.

Máa fi òrí pa á lára lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Má gbé e sínú oòrùn. Má gbé e sún mọ́ iná. Ohun kan kù tí mo fẹ́ sọ fún ọ nípa igi náà, ṣùgbọ́n Casimir ti dé, ó ní òun ń kánjú. Tí àfihàn bá parí lónìí, kọ̀wé sí mi lọ́la.

Bàbá rẹ,
Búrẹ́mọ̀


Nancy
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Ó dé. Mo fi imú sí i bí ẹ ṣe wí, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yàrá. Casimir béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní kò sí nǹkan kan, eruku ló wọ̀ mí lójú. Eruku yín náà ni.

Ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ iná. A kì í dáná nínú yàrá mi. Òtútù ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, torí pé igi Ekpè kò mọ òtútù, ó lè ṣe é léṣe. Nítorí náà, mo gbé e síbi tó móoru jù lọ nínú ilé, lórí pákó funfun tó wà lábẹ́ fèrèsé, lókè irin tí wọ́n fi ń mú yàrá gbóná. Tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń mú kí irin náà gbóná sí i dáadáa kí àwo náà má baà máa gbọ̀n. Ara mi ni mo máa ń fi aṣọ bò.

Ẹ óò gbúròó mi lẹ́yìn àfihàn.

Àbídéènì


Gbégamey
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹfà, 2024

Àbídéènì,

Mo kí ọ. O ò kí mi.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ti kọjá, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Jàmíátù pè ọ́, o ní fóònù ń já. Ó tún pè ọ́, o ní o wà lẹ́nu iṣẹ́. Etí mi ló di, Àbídéènì, orí mi kò di.

Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Ẹnu rẹ tó gùn, ọ̀dọ̀ mi ló ti jogún rẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo èèyàn mọ́sálásí pé àwo mi wà ní Faransé. Mo sọ fún alápatà. Mo sọ fún ìyá alákàrà, ó ní kí n má wá torí ìyẹn kọ̀ láti máa fún òun ní èérún igi. Báyìí, tí mo bá jáde, wọ́n á ní, "Ọ̀gá ayígi, kí ni àwọn Faransé wí?" Mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé lọ kírun. Ọ̀nà náà jìn, ẹrọ̀fọ̀ sì pọ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n bá fi àwo náà rẹ́rìn-ín, sọ fún mi. Ohun tí mo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ mi ní Cadjèhoun kò pa mí.

Búrẹ́mọ̀


Gbégamey
Ọjọ́ ogún, oṣù kẹjọ, 2024

Ọmọ mi,

Mo ti mọ ìdí tí o kò fi kọ̀wé. O ti rí i. Ó ti là, àbí?

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ lọ́jọ́ tí Casimir wá. Igi náà kò gbẹ. Mo mọ̀ pé kò gbẹ. Ìtì igi nílò ọdún kan, ó tilẹ̀ nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ nílùú wa yìí tí afẹ́fẹ́ òkun kì í jẹ́ kí ìṣó pàápàá gbẹ. Oṣù méje péré ni tiwa lò. Nígbà tí mo ń gbẹ́ inú rẹ̀, omi ń ta sí mi lójú. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta á mọ̀ pé irú igi bẹ́ẹ̀ á là. Ọwọ́ mi náà ń gbọ̀n báyìí, mi ò sọ ìyẹn fún ọ rí. Jàmíátù ló di ìgúnpá mi mú fún ọjọ́ mẹ́fà náà, ó ń gbààwẹ̀, kò ráhùn.

O lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò ní kí o dúró. Mo ti mú gègé láti kọ ọ́ pé, "Dúró di ọdún tó ń bọ̀." Mi ò lè kọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá ni o fi wà níbẹ̀ tí o kò béèrè ohunkóhun tó tọwọ́ mi wá. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní kí o dúró, o ò ní béèrè mọ́.

Èmi àgbà ayígi wá fi igi tútù ránṣẹ́ sí ọmọ mi, bí ẹni tó ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n fún aboyún. Ẹ̀bi mi ni. Jù ú nù, kí o kọ̀wé.

Bàbá rẹ


Nancy
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò tíì dìde.

Ó là. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ là á, èmi ni. Ẹ ní kí n má gbé e sún mọ́ iná, mo sì lọ gbé e lé orí irin gbígbóná nítorí kí òtútù má baà mú un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yan igi ìyá mi bí àgbàdo. Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, mo ń mu tíì, mo gbọ́ "pàà". Mo rò pé bẹ́ẹ̀dì mi ló kán. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ti là láti etí dé ìsàlẹ̀, ìka mi lè kọjá níbẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù dí i, ó tún là. Mo fi okùn so ó, ó wá jọ ẹni tí eyín ń dùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pàápàá.

Lọ́jọ́ àfihàn, mo fẹ́ sọ pé ó sọnù. Ṣùgbọ́n orúkọ yín wà lára ògiri, tábìlì òfìfo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Màdáàmù Clotilde wò ó, ó fọwọ́ kan ibi tó là, ó ní kí ni eléyìí. Bàbá, ẹ mọ ẹnu mi. Mo ní, "Bàbá mi ló mọ̀ọ́mọ̀ là á. Àwọn Yorùbá Nàgó gbà pé àwo tí kò lójú kò lè ríran."

Mi ò mọ ibi tó ti jáde. Mo rò pé wọn á rẹ́rìn-ín. Wọ́n mi orí. Bàbá arúgbó kan mú awò ojú jáde, ó yí àwo náà ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní òun rí i pé ó ń wo òun. Màdáàmù kọ ọ̀rọ̀ náà sórí páálí, ó gbé e síwájú àwo. Àwo tiwa ni wọ́n pé lé lórí jù. Ọ̀rẹ́ Màdáàmù kan ní òun fẹ́ mẹ́rin sí i, ó sì tẹnu mọ́ ọn pé kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là.

Ìdí tí mi ò fi lè kọ̀wé nìyẹn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún yín pé ohun tí mo bà jẹ́ ni wọ́n fi yìn yín? Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé mẹ́jọ, mo ya mẹ́jọ.

Ẹ ní mi ò béèrè nǹkan kan fún ọdún mọ́kànlá. Ojoojúmọ́ ni mo ń béèrè, Bàbá. Ẹnu kò gbà á ni, lẹ́yìn ohun tí ẹnu yìí kan náà ti sọ.

Àbídéènì


Gbégamey
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án, 2024

Àbídéènì ọmọ mi,

Dìde. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

Mo rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ méjì, ikọ́ wá dá mi dúró. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ogójì ọdún ni mo fi ń sáré kí igi má là, àṣé ká jẹ́ kó là lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ odó mọ́kànlá tó là wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi tí mo ń fi pamọ́ fún ojú àwọn oníbàárà. Àṣé gbogbo wọn ló ń ríran. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ ní mọ́sálásí, pé àwo tí kò lójú kò lè ríran. Àgbàlagbà kan gbọn orí, ó ní bàbá òun náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú báyìí.

Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe mẹ́rin tó là fún wọn. Mo ti ṣe ọ̀kan láìmọ̀ọ́mọ̀, ó tó.

Ta ló wá là á? Èmi fún ọ ní igi tútù, ìwọ gbé e lé iná. Ìyá rẹ ì bá wà láyé, ì bá ní kí àwa méjèèjì lọ jókòó síta. Má jù ú nù mọ́. Ṣe é bí wọ́n ṣe ń gán igbá tó fọ́, bí o ṣe rí ìyá rẹ tó máa ń gán tirẹ̀. Jàmíátù á fi okùn ìko àti ìlu ránṣẹ́ sí ọ. Fi ìlu náà lu ihò wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí o lu sí ẹ̀gbẹ́ òsì, kí wọ́n dojú kọra. Rẹ okùn náà sínú omi kí o tó fà á gba inú wọn. Tó bá gbẹ, òun fúnra rẹ̀ á mú ojú méjèèjì súnmọ́ra. Má kánjú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, èmi tí mo mọ òwe náà ni mi ò lò ó. Ọwọ́ mi kò gba ìlu mọ́. Tìrẹ ló kù.

Búrẹ́mọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, Jàmíátù nìyí. Ìjì tún ti dá ẹ̀ka ńlá kan lára igi máńgòrò kejì ní Ekpè, èyí tó hù láti inú kóró ti àkọ́kọ́. Bàbá ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá ní kó gbé e wálé, á ní, "Ọdún kan, ọdún méjì kó tó gbẹ. Ta ló máa dúró dè é?" Ẹ má sọ pé mo sọ fún yín.


Nancy
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹta, 2025

Bàbá mi, ọ̀gá ayígi,

Ẹ kú ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi gán an. Ihò mẹ́rìnlá, méje lọ́tùn-ún, méje lósì, àti mẹ́ta tí mo lù sí ìka ara mi. Èmi ọmọ ayígi tí kò lè lo ìlu, àwọn arúgbó ibi iṣẹ́ mi ló ń kọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn, tó ti ran bàtà jẹun nígbà kan, máa ń pariwo mọ́ mi bíi tiyín. Ó rí wọ́gọwọ̀gọ, bí ẹ bá rí i, ẹ óò ní kí n tú u. Ṣùgbọ́n okùn náà gbẹ, ó fà, ojú méjèèjì pàdé. Mo da omi sínú rẹ̀ wò. Ẹ̀kán méjì péré ló jò.

Mo ti sọ òótọ́ fún Màdáàmù Clotilde. Mo ní bàbá mi kò là á, iná ló là á, àwọn mínísítà kò sì tò. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun ti fura sí ti àwọn mínísítà. Ó yọ páálí náà, ó fi orúkọ yín sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ òní, nígbà tí oòrùn wọ̀, mo gbé e sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ. Mo kó dàbínù mẹ́ta sínú rẹ̀, mo ṣe bísímílà, mo jẹ ẹ́. Àwo yín ti ṣínu, Bàbá. Kò tún ní gbààwẹ̀ mọ́, àyàfi tí èmi náà bá ń gbà á.

Ẹni kan sọ fún mi nípa ẹ̀ka igi kan ní Ekpè. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń fi ìwé yìí hàn yín. Ẹ gbé e wálé. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọdún kan, kó gba méjì tó bá fẹ́. Mo máa dúró dè é. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ má ránṣẹ́ sí Casimir. Èmi ni mo ń bọ̀. Jàmíátù á di ìgúnpá yín ọ̀tún mú, èmi á di tòsì, ẹ̀yin á sì máa bú àwa méjèèjì.

Ẹ bá mi tọ́jú èérún igi náà, kí ẹ má fún ìyá alákàrà tán. Mi ò ní wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun wá.

Ọmọ yín,
Àbídéènì